Chin-chin àti bísíkíìtì fún ẹ̀bùn Kérésìmesì ilé 20: báwo ni a ṣe ń dì í tí kò fi ní rọ̀?

Àkànkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ẹ̀yin tó mọ ìdí fúláwà. Ilé 20 ni mo fẹ́ pín ẹ̀bùn Kérésìmesì fún lọ́dún yìí, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí a fọwọ́ ara wa sè: chin-chin, bísíkíìtì alábọ́tà, àti bísíkíìtì alágbọn díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà ládùúgbò níbí. Ọ̀kan ń lọ sí Àgbádárìgì, mọ́tò ló máa gbé e. Òmíràn ń bá ẹnì kan lọ sí London ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá.

Ófùn onígáàsì kékeré tó ń gba tiréè kan lẹ́ẹ̀kan ló wà nílẹ̀, síkéèlì náà sì wà. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí: èló ni kí n sè tí ilé 20 fi máa rí tó jẹ, ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀, ṣé a lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ike kan náà, kí ló sì máa ń mú kí chin-chin rọ̀ tàbí kó máa run òróró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

Ìyá_Aláàrò

Ẹ kú ìmúra ọdún o, Àǹtí Àkànkẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ike sílẹ̀ ná. Inú òróró ni chin-chin ti ń bàjẹ́, ike kàn ń tú àṣírí ni. Èyí tí kò gbẹ dé àárín kó tó kúrò lórí iná, kò sí ọ̀rá tàbí ìgò tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Bí ilé kan bá máa gba gíráàmù 300, kílò 6 ni ẹ ń wá. Kílò 1 fúláwà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti po gbogbo èlò mọ́ ọn tí ẹ sì dín in, máa ń fún yín ní chin-chin tó lé díẹ̀ ní kílò kan ààbọ̀. Kílò 4 fúláwà á tó yín, tàwọn ọmọ ilé tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ wọn sinmi á sì wà níbẹ̀.

Fún kílò 1 fúláwà: ṣúgà gíráàmù 250, bọ́tà gíráàmù 200, ẹyin 3, mílíìkì olómi mílílítà 150 sí 200, nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a rin síbí tíì kan, iyọ̀ ìdajì síbí tíì. Ẹ máa pò ó ní kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da kílò 4 sínú abọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan á rí bọ́tà, apá kan á ṣaláìrí, èyí tí kò rí bọ́tà á sì le bí òkúta lẹ́nu.

Ẹ fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí tí á fi rí bíi gàrí tí omi ṣẹ́ sí. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan kí ẹ fún un: ó yẹ kó dì, kó sì tún fọ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹyin àti mílíìkì tó kàn. Ẹ yọ́ ṣúgà nínú mílíìkì kí ẹ tó dà á sí i. Hóró ṣúgà tí kò yọ́ máa ń jóná nínú òróró, ibẹ̀ ni àwọn àmì dúdú tí ẹ ń rí lára chin-chin ti ń wá. Mílílítà 150 ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ máa ṣẹ́ ìyókù sí i díẹ̀díẹ̀, torí fúláwà kan ń mu omi ju òmíràn lọ. Èyí tó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ ti rọ̀ jù. Ó máa mu òróró púpọ̀. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó yí i pẹlẹbẹ.

Ẹ má gé e ju sẹ̀ńtímítà 1 lọ níbùú lóòró. Ẹ gé e kó dọ́gba, torí inú òróró kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀: èyí tó kéré á ti dúdú kí èyí tó tóbi tó jiná. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú asẹ́, kí ẹ gbọn fúláwà tó wà lára rẹ̀ dànù. Fúláwà yẹn ló máa ń rì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí á jóná, tí á sì mú kí òróró dúdú kí ẹ tó dín dé ìdajì.

Iná ni kókó. Ìwọ̀n 170 sí 175°C ló dára. Bí kò bá sí ohun tí ẹ fi ń wọn ooru, ẹ ju ẹyọ kan sí i. Ó yẹ kó kọ́kọ́ rì, kó sì léfòó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 pẹ̀lú ìhó kéékèèké lára rẹ̀. Bó bá léfòó lójú ẹsẹ̀ tó sì pọ́n kí ìṣẹ́jú kan tó pé, iná ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn á pọ́n, inú á tutù, ọ̀rinrin inú yẹn á sì jáde wá sí ẹ̀yìn lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3. Nǹkan tí àwọn èèyàn ń pè ní "chin-chin tó gba atẹ́gùn" nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, inú rẹ̀ ni omi náà ti wá.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà mọ̀: ẹ mú ẹyọ kan lára ìdín àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì ṣẹ́ ẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bó bá gbẹ, á dún, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á sì rí bákan náà láti etí dé etí, pẹ̀lú àwọn ihò wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí ilà kan láàárín tó dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ, tó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi omi pa á, kò tíì gbẹ. Ẹ dín iná kù, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí 2 kún ti èyí tó kàn. Èyí tí ẹ ti kó kúrò lórí iná pàápàá kò tíì bọ́: ẹ tẹ́ ẹ sínú tiréè, kí ẹ fi sínú ófùn ní 120°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, á gbẹ.

Ẹ yọ ọ́ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí ẹ ń fẹ́, nítorí pé á ṣì máa pọ́n sí i nínú asẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀ sórí tiréè tí ẹ fi tísù ilé ìdáná tẹ́ lábẹ́, kí ẹ pààrọ̀ tísù náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Tàdáwà rẹ̀ ń bọ́ sára oúnjẹ olóròóró.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 3 ó kéré tán; 4 ló dára jù. Bí ó bá tutù lẹ́yìn ọwọ́, àárín òkìtì rẹ̀ lè ṣì gbóná. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó kan ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ike mọ́ èyí tó gbóná, á làágùn, ẹ ó rí omi lára ìdérí rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò ti rọ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi bu.

Ní ti òórùn òróró: òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja tàbí dòdò ló máa ń fà á, tàbí ike tó wà níbi tí oòrùn ń pa á. Ẹ lo òróró tuntun fún ẹ̀bùn. Bó bá ti ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ tó sì ń rú èéfín kí chin-chin tó wọ inú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Oníbísíkíìtì_Abẹ́òkúta

Màmá ti sọ ti chin-chin tán, ẹ jẹ́ n mú bísíkíìtì.

Èyí tó rọrùn jù fún ẹ̀bùn, tó sì ń pẹ́ jù, ni èyí tí wọ́n ń wọn ní 1, 2, 3: ṣúgà ìdá 1, bọ́tà ìdá 2, fúláwà ìdá 3. Kò sí ẹyin, kò sí omi, kò sí páúdà ìwúkàrà. Àìsí omi nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 nínú agolo tó dé dáadáa láìyí padà. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá máa gba 8, ẹ ń wá 160. Ẹ ṣe 180, torí àwọn kan á fọ́, àwọn kan á jóná létí. Gíráàmù 25 ni kí ẹyọ kan wọ̀n ní tútù, ìyẹn kílò 4 ààbọ̀: fúláwà gíráàmù 2,250, bọ́tà gíráàmù 1,500, ṣúgà lílọ̀ gíráàmù 750, iyọ̀ síbí tíì kan ààbọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.

Ẹ ka ara ike bọ́tà kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún sísè, ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 80 nínú 100. Àwọn tí wọ́n ṣe fún fífi pa búrẹ́dì lè ní omi tó pọ̀ gan-an. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ ṣe bísíkíìtì yìí, á tẹ́ pẹrẹsẹ nínú ófùn, á sì máa fà lẹ́nu dípò kó rún.

Ẹ yí i kó nípọn tó mílímítà 8, kí ẹ gé e, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí atẹ́gùn rí ọ̀nà jáde, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30. Bí kò bá sí iná, ẹ gbé tiréè náà lé abọ́ omi dídì. Èyí tó wọ ófùn tutù ni igun rẹ̀ máa ń dúró. Ìwọ̀n 160 sí 165°C, ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì yí tiréè padà ní ìṣẹ́jú 10. Ófùn onígáàsì kékeré ń fi ìdí jó nǹkan, torí náà ẹ ki tiréè méjì bọ ara wọn kí ooru má bàa kan ìsàlẹ̀ bísíkíìtì ní tààrà. Etí rẹ̀ ló yẹ kó pọ́n bí oyin, àárín kò ní pọ́n. Ó máa rọ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ọ́, ẹ má torí ìyẹn dá a padà sórí iná! Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tiréè fún ìṣẹ́jú 10, á le fúnra rẹ̀.

Tiréè kan máa gba nǹkan bí 18, ìyẹn ìgbà 10. Pẹ̀lú gbígbé sí gbígbé jáde, wákàtí 4 gbáko ni. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un.

Alágbọn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àgbọn tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin kún fún omi. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tiréè, ófùn 120°C, ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí ẹ máa rò ó, títí tí á fi máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá a jọ. Ìgbà náà ni kí ẹ dà á sí i. Bí ẹ bá lò ó ní tútù, bísíkíìtì á rọ̀ láàárín ọjọ́ 3, adùn rẹ̀ á sì wá dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Èyí tó gbẹ pàápàá, ẹ sè é kẹ́yìn, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó gbà á pé kí wọ́n jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 10.

Ní ti kíkó gbogbo rẹ̀ pọ̀, rárá o. Èyí tó ní ọ̀rinrin máa ń fi ọ̀rinrin rẹ̀ ran èyí tó gbẹ, èyí tó ní òórùn á sì fi òórùn ran gbogbo wọn. Ẹ lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí kan, ṣùgbọ́n kí kálukú wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi róbo tàbí kókóró kún un (èmi fẹ́ràn róbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ chin-chin, ó ń jẹ́ kí àwọn àgbà mọ̀ pé ẹ rántí àwọn náà), ọ̀rá tó nípọn ni kí ẹ kó o sí, torí òórùn ẹ̀gúsí máa ń wọ inú bọ́tà kíákíá.

Àkànkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀nà méjì. Ibi tí ọ̀kan ń lọ, ẹ̀bá ọ̀sà ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rin ju ti Ìbàdàn lọ. Ṣé kí n di ìrẹsì tútù sínú tísù, kí n fi há inú rẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń wí? Báwo sì ni mo ṣe lè lẹ ẹnu ọ̀rá láìsí ẹ̀rọ?

Alọ́ràá_Dùgbẹ̀

Ẹ gbàgbé ti ìrẹsì. Ìwọ̀nba tó lè fà kò tó nǹkan, tísù rẹ̀ á sì máa já sínú oúnjẹ. Àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní silica gel ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó ṣeé fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Ẹ má ṣe mú èyí tó ti inú bàtà tàbí báàgì jáde. Àpò gíráàmù 2 tàbí 3 kan tó fún ọ̀rá gíráàmù 300. Ẹ jẹ́ kí ó hàn síta, kí ẹ sì sọ fún ilé tó ní ọmọ kékeré pé kì í ṣe ohun jíjẹ. Ẹ rántí pé ọ̀rinrin díẹ̀ tó bá yọ́ wọlé ni ó ń fà. Kò lè gbẹ chin-chin tí kò jiná.

Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ta omi tàbí búrẹ́dì sínú rẹ̀ kò dára fún ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Òórùn òróró ń gbà á kọjá, ọ̀rinrin náà ń gbà á wọlé. Èyí tó nípọn, tó ń dúró fúnra rẹ̀, tó ní síìpù lẹ́nu, ló dára jù fún ìrìn àjò. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ẹ mú un fún Àgbádárìgì, kò ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan òróró.

Lílẹ ọ̀rá láìsí ẹ̀rọ: ohun tí àwọn ẹlẹ́pà ń ṣe nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá bíléèdì ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, àti àbẹ́là. Ẹ fi aṣọ tó gbẹ nu ẹnu ọ̀rá nínú lóde. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, torí pé òróró tàbí ẹ̀rún kan ṣoṣo tó bá wà lójú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa gbà wọlé. Ẹ fi ọwọ́ tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde jẹ́ẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹnu ọ̀rá bo ẹ̀yìn bíléèdì, ibi tí kò ní eyín, kí ó yọ kọjá rẹ̀ ní mílímítà 2 tàbí 3. Ẹ wá fa etí tó yọ yẹn gba ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là kọjá, kí ọwọ́ yín má dúró. Orí iná gan-an ló ń fi èéfín dúdú sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá dúró níbì kan, á lu. Bí ẹ bá yára jù, á ṣí bí ẹ bá fà á. Ẹ fi ọ̀rá òfìfo 5 kọ́ ọwọ́ ná.

Láti mọ̀ bóyá ó lẹ̀, ẹ rì í sínú abọ́ omi kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ìhó bá ń yọ, ó ń jò. Ọ̀rá òfìfo tí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ni kí ẹ fi dán an wò o, kì í ṣe èyí tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá onísíìpù nìkan ni a kì í lẹ̀ lórí àbẹ́là. Ẹ tẹ síìpù rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ike: ike tó ń gba omi lítà 1 á gba chin-chin tó súnmọ́ gíráàmù 500, nítorí náà, fún 300, èyí tó jẹ́ mílílítà 600 sí 700 ni kí ẹ ṣe ọjà rẹ̀. Ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ kún un wò, kí ẹ tó ra 20. Ike tó ṣófo ní ìdajì kò wuyì lójú, chin-chin inú rẹ̀ á sì máa gbá ara wọn títí wọn á fi di ẹ̀rún. Ẹ fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ da ojú wọn délẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Ẹ̀kán omi kan nínú ìdérí ti tó láti ba ike kan jẹ́. Ìgò lẹ́wà jù, òórùn kò sì ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ẹ fi í fún àwọn aládùúgbò nìkan, kí ẹ má gbé e wọ mọ́tò.

Ará_Peckham

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti mọ́tò àti ti bàálù, torí ìfọ́ ló ń ba ẹ̀bùn jẹ́ níbẹ̀.

Bísíkíìtì tí a tò pẹlẹbẹ lórí ara wọn, ti ìsàlẹ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ dì wọ́n ní méjì méjì, kí ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, pẹ̀lú pépà tí wọ́n fi ń tẹ́ tiréè láàárín wọn, kí ẹ wá tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé lórí pẹpẹ. Ìdúró ni bísíkíìtì ti lágbára jù. Ẹ fi tísù tí ẹ rún pọ̀ há ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, àti òkè. Lẹ́yìn tí ẹ bá dé e, ẹ mì í létí yín. Bó bá dún, ẹ tú u, kí ẹ há nǹkan sí i. Páálí yìí ni kí ẹ gbé sínú páálí mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ ní sẹ̀ńtímítà 4 tàbí 5 yíká, kí ẹ fi ìwé tí ẹ rún dí àyè náà. Ẹ má fi gúgúrú dí i. Ó máa ń fa èèrà àti kòkòrò.

Fún mọ́tò Àgbádárìgì, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára páálí òde, kí ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé kan nínú rẹ̀, torí òjò tàbí ìfàkúfà lè bó èyí tó wà lóde. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 20 tàbí 21. Láti ọjọ́ 22 lọ, gáréèjì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi nǹkan ẹlẹgẹ́ sí.

Ti London: ìjọba ibẹ̀ kò gba ẹran tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi mílíìkì ṣe láti Nàìjíríà nínú ẹrù arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n bísíkíìtì, búrẹ́dì àti kéèkì tí kò ní kírímù tútù kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Chin-chin àti bísíkíìtì yín lè lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ kìlíṣí tàbí míìtì-páì sínú àpò kan náà, nítorí wọ́n lè gba ẹran náà, kí wọ́n sì da gbogbo ẹrù yín sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ẹ má ṣe lẹ ẹ̀bùn yẹn pa pẹ̀lú pépà aláràbarà kó tó kọjá ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wò ó, wọn á ya á. Ẹ ká pépà àti ríbọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tó gbé e lọ fi dì í níbẹ̀. Báàgì ọwọ́ ni kó gbé e sí.

Bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí tó jẹ́ Amẹ́ríkà ló ń fi ránṣẹ́: ẹni tó bá ń gbé e lọ gbọ́dọ̀ sọ pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ òun nígbà tó bá dé ẹnu ibodè, nítorí owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá fi pamọ́. Bó bá sì jẹ́ ìfìwéránṣẹ́, oúnjẹ tí ènìyàn sè nínú ilé ara rẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bùn kò nílò ìfilọ̀ ṣáájú tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ wọlé. Ẹ kọ ọ́ ketekete sí fọ́ọ̀mù náà pé oúnjẹ àfọwọ́ṣe ni, pé ẹ̀bùn ni, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá_Aláàrò

Mo padà wá nítorí ọjọ́, Àǹtí. Ọjọ́ 15 àti 16 oṣù Kejìlá ni kí ẹ dín chin-chin, kílò 2 lójúmọ́. Ọjọ́ 18 fún bísíkíìtì alábọ́tà. Ọjọ́ 19, ẹ sè alágbọn, kí ẹ sì di ti Àgbádárìgì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn aládùúgbò, ọjọ́ 23 àti 24. Ti London, ẹ yọ bísíkíìtì alábọ́tà 8 àti chin-chin sọ́tọ̀ nínú agolo, kí ẹ dì í ní ọjọ́ 27. Ẹ má fi alágbọn sí i, kò ní dé ní dídùn. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, agolo tàbí ike ńlá tó dé dáadáa ni kí gbogbo rẹ̀ wà, jìnnà sí gáàsì. Ọyẹ́ lè máa fẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ṣùgbọ́n ilé ìdáná tí a ti ń se ọbẹ̀ rin bí ìgbà òjò.

Mi ò gbà pẹ̀lú Alọ́ràá lórí ọ̀rá fàdákà fún gbogbo ẹ̀bùn o, bí ẹ bá ń rò ó bẹ́ẹ̀. Fún mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni. Fún aládùúgbò, ohun tí a ń fojú rí ló ń dá ọ̀fun tòlò. Ẹ jẹ́ kí chin-chin hàn nínú ike, kí ẹ so aṣọ àǹkárá kékeré, sẹ̀ńtímítà 14 níbùú lóòró, bo ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Àjákù aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ ti tó, ẹ kàn fọ̀ ọ́ kí ẹ sì lọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó so ó, ẹ lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ìdí ike: ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ sè é, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ dárúkọ fúláwà, ẹyin, mílíìkì, bọ́tà, àgbọn, nítorí àwọn ẹlòmíràn wà tí ara wọn kọ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá dín ẹ̀pà nínú òróró kan náà, tàbí tí ẹ lo òróró ẹ̀pà, ẹ kọ ìyẹn náà. Ìwé tó nípọn ló yẹ kí ẹ lò, kí ẹ fi bírò kọ ọ́ ketekete.

Fún àwọn àgbà ìjọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ pín kílò kan fúláwà sọ́tọ̀ kó tó kan ṣúgà, gíráàmù 80 ni kí ẹ fi sí i dípò 250, kí nọ́tímẹ́ẹ̀gì lé díẹ̀. Kò ní pọ́n bí ìyókù, torí ṣúgà ló ń mú àwọ̀ wá, nítorí náà ẹ má dúró de àwọ̀. Ṣíṣẹ́ ni kí ẹ fi mọ̀. Fúláwà rẹ̀ ṣì ń di ṣúgà nínú ara, ẹ kọ sí i pé ṣúgà rẹ̀ kéré, ẹ má kọ pé kò ní ṣúgà. Ike aláwọ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó o sí, kí ó má bàa dàrú mọ́ ti àwọn tó kù lórí tábìlì.

Àkànkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ra bíléèdì ayùn àti àbẹ́là. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù: bísíkíìtì tó bá fọ́, ṣé kò sí ohun tí a lè fi ṣe?

Oníbísíkíìtì_Abẹ́òkúta

Ó wà. Ẹ fi ìdí ife rún un, gíráàmù 200, kí ẹ po bọ́tà yíyọ́ gíráàmù 80 mọ́ ọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́ kan, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Ìdí kéèkì tútù yín nìyẹn fún ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Ẹ̀rún chin-chin kò ṣeé lò fún un, ó le jù. Ẹ wọ́n ọn sórí áísìkiriìmù.